Kí ló ń mú àlejò oníkọ̀ǹpútà pẹ́ nílùú?

Ọ̀rọ̀ àlejò ni mo gbé wá lónìí. Àmọ́ ẹ má tètè kúrò níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tiwa gan-an ló wà nídìí rẹ̀.

Láti bí ọdún mélòó kan ni ìjọba wa ti ń náwó gidi kí àwọn ènìyàn lè máa wá wo ilẹ̀ wa. Ère Amazone tí wọ́n ṣí ní Kútọnù ní 2022 ga tó 30 mítà. Lóṣù kìíní ọdọọdún, Ouidah máa ń kún fọ́fọ́ nítorí Vodun Days. Ọmọ Áfíríkà ò nílò físà mọ́ kó tó wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun sì lè gba tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé rẹ̀. Ní 2024, òfin tún jáde pé ọmọ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà lè di ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo èyí dára, mi ò bú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ tí awòran bá dé Kétu. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló dé. Ó ya fọ́tò níwájú Akaba Ìdẹ́nà, wọ́n sọ ìtàn odi ìlú fún un, ó mi orí. Bó bá ṣe oríire, ó bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níta, ìyẹn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2001. Ó jẹun. Kó tó di aago mẹ́rin, ọkọ̀ ti gbé e padà sí Kútọnù. Kí ló kù fún ìlú? Owó oúnjẹ kan, àti ohun tó fún ẹni tó mú un rìn.

Ohun tí mo wá ń bi ara mi ni pé, irú àlejò wo ló máa ń pẹ́ nílùú, kí ló sì ń mú un pẹ́?

Àwọn kan wà tí Faransé ń pè ní nomades numériques. Èmi, darandaran kọ̀ǹpútà ni mo ń pè wọ́n, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín. Àwa ìhà ibí mọ darandaran dáadáa. Ọdọọdún là ń rí Fúlàní tó ń da màlúù kọjá lẹ́bàá oko wa, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹwà ìlú ló ń mú un dúró. Ibi tí koríko àti omi bá wà ló ń pàgọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn wọ̀nyí rí. Ilé iṣẹ́ wọn wà ní Paris tàbí ní New York, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé há abíyá ni iṣẹ́ náà wà. Òmíràn ń túmọ̀ èdè, òmíràn ń yàwòrán, òmíràn ń bá ilé iṣẹ́ ṣírò owó. Bí iṣẹ́ bá ṣáà ti dé lásìkò, ọ̀gá wọn ò bìkítà ibi tí wọ́n jókòó sí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1997 ni ọmọ Japan kan, Tsugio Makimoto, àti David Manners ti kọ ìwé tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Digital Nomad, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Àmọ́ àrùn Kòfíìdì ló ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu. Ilé iṣẹ́ ní kí kálukú máa ṣiṣẹ́ nílé, àwọn kan sì bi ara wọn pé, nílé wo? Ìwádìí MBO Partners ka mílíọ̀nù 7.3 irú wọn láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà ní 2019. Ní 2023, wọ́n ti di mílíọ̀nù 17.3. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kúrò nínú Amẹ́ríkà, ìlú kan sí òmíràn ni wọ́n ń ṣí. Àwọn tó kù náà pọ̀.

Darandaran yìí kì í ṣe ọjọ́ kan. Oṣù kan ni, tàbí oṣù mẹ́ta, tàbí mẹ́fà. Ó ń gbalé, ó ń ra tòmátì lọ́jà, ó ń gun zémì, ó ń gẹ irun, ó ń rán aṣọ. Lójú tèmi, ẹyọ ẹnì kan tó bá ìyá oníresì jẹun fún oṣù mẹ́ta sàn fún ìyá náà ju ọkọ̀ awòran kan tó kọjá lọ.

Kí wá ni koríko wọn?

Ẹ jẹ́ ká wo Ponta do Sol. Ìlú kékeré ni, ní erékùṣù Madeira, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Pọtogí nínú òkun Àtìláńtíìkì. Gbogbo agbègbè náà ò ju nǹkan bí 8,000 ènìyàn. Òkun ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òkè wà níbẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé kí àlejò oníkọ̀ǹpútà wá pàgọ́ síbẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2021, ìjọba erékùṣù náà pẹ̀lú Startup Madeira ní àwọn fẹ́ sọ ibẹ̀ di abúlé darandaran kọ̀ǹpútà. Kí ni wọ́n kọ́? Wọn ò kọ́ ère. Wọ́n mú yàrá kan nínú ilé àṣà ìlú náà, wọ́n to tábìlì àti àga sí i, wọ́n fa íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára wọ ibẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Wọ́n bá àwọn tó nílé sọ̀rọ̀ kí àlejò lè rí ilé gbà ní ti oṣù, kì í ṣe ní ti òru kan ṣoṣo. Wọ́n ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àlejò lóhùn àti láti mú wọn mọ ara wọn. Ó tán. Àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti oríṣiríṣi ilẹ̀.

Ilé àṣà tí mo sọ yẹn, orúkọ John dos Passos ló ń jẹ́, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣí láti ìlú náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń kó ẹrù lọ òkè òkun láti ọjọ́ pípẹ́ ni, bíi tiwa. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi nínú ìtàn náà.

Tàbí ẹ gbé ojú lọ sí Chiang Mai, ní àríwá Thailand. Kò sí òkun níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ka ìlú márùn-ún tí darandaran kọ̀ǹpútà ti pọ̀ jù lágbàáyé láti bí ọdún mẹ́wàá sí márùndínlógún sẹ́yìn, ẹnu wọn ò ní fo ibẹ̀. Yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì wà ní owó oṣù tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ilé kọfí tí èèyàn lè jókòó sí fún wákàtí mẹ́rin láìsí ẹni tó máa wò ó níwòkuwò pọ̀ lọ jàra. Oúnjẹ ò wọ́n. Ẹni tó dé lónìí, lọ́la ó ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ní nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹrin, wọ́n máa ń sun igbó àti oko káàkiri agbègbè yẹn, èéfín á bo ìlú débi pé ojú á máa ta èèyàn. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn àlejò yìí á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Tẹ́ńpìlì tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò ṣì wà níbẹ̀, òkè ò lọ síbì kankan. Àwọn ni wọ́n lọ. Ohun tí èèyàn wá wò yàtọ̀ sí ohun tó ń jẹ́ kó lè gbé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Ó wúlò, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ń gbé e ga jù. Ní 2020, Barbados ní kí ẹni tó ń gba 50,000 dọ́là lọ́dún wá lo oṣù méjìlá. Estonia ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Kepu Fẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú oṣù mẹ́fà tí èèyàn lè tún ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àwa ọmọ CEDEAO pẹ̀lú. Thailand mú tirẹ̀ jáde ní 2024, ìwé náà á wà fún ọdún márùn-ún, èèyàn sì lè lo ọjọ́ 180 nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Físà ń ṣí ilẹ̀kùn. Kì í ṣe òun ló ń mú èèyàn jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ara wa wò. A ní ohun púpọ̀ tá ò kà kún. Aago wa àti ti Paris, ọgbọọgba ni wọ́n nígbà òtútù tiwọn. Nígbà ooru, wákàtí kan péré ni wọ́n fi ṣíwájú. Ẹni tó wà ní Chiang Mai, bí ọ̀gá rẹ̀ ní Paris bá pè é ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Owó wa so mọ́ yúrò, yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 656 ó dín díẹ̀, lánàá, lónìí, lọ́la. Ẹni tó fẹ́ ṣètò owó oṣù mẹ́ta mọ ohun tó ń ṣe. A ń sọ Faransé. Láti oṣù kọkànlá 2023, Starlink ti wọ ilẹ̀ wa, tó túmọ̀ sí pé abúlé tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó okùn íńtánẹ́ẹ̀tì lè rí i gbà láti ojú ọ̀run. Ẹni tó bá fẹ́ òkè, àwọn òkúta Ṣábẹ̀ẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìlú àtijọ́, kó wá wo àwọn ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́ àti mọ́sáláṣí ńlá tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà.

Àléébù wa ńkọ́? Iná ni àkọ́kọ́. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, awòran lè fi í ṣe ẹ̀rín, kó padà sílé kó máa ròyìn bó ṣe jẹun lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ àtùpà. Àmọ́ ẹni tí iná lọ mọ́ lójú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan nígbà tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkọ̀ Kútọnù ló ń wá.

Lẹ́yìn náà ni àga. Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ lọ wo yàrá tá à ń fún àlejò. Bẹ́ẹ̀dì ńlá wà, tẹlifíṣọ̀n wà, kọ́tìnnì aláràbarà wà. Tábìlì kan tí èèyàn lè fi igbọ́nwọ́ lé, kò sí. A kọ́ yàrá fún ẹni tó wá sùn, a ò kọ́ ọ fún ẹni tó wá ṣiṣẹ́.

Owó ńkọ́? Ẹni tó ń lo ọjọ́ méjì lè san ìlọ́po mẹ́ta owó zémì láìsọ̀rọ̀, kó pè é ní owó àlejò. Ẹni tó ń lo oṣù méjì á mọ iye tí a ń san gan-an lọ́sẹ̀ kìíní, àtìgbà náà lọ ni gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bu owó lé e á máa dà bí ìwọ̀sí lójú rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà, bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi ní Lomé, ó máa ń dùn mí.

Ariwo náà wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé èyí á bí àwọn kan nínú. Òpin ọ̀sẹ̀ mélòó ni kò sí òkú ṣíṣe níbi kan tàbí òmíràn, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń dún mọ́jú? Mi ò ní ká má sin òkú wa o.

Èyí tó le jù, inú ìwà rere wa ló ti wá. Àwa, bí àlejò bá dé, a ò ní fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Màmá á gbé omi fún un, bàbá á jókòó tì í, àwọn ọmọdé á yí i ká. Fún ọjọ́ méjì, orí rẹ̀ á wú. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, tó ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ kó tó di aago méjì, ó fẹ́ kí a kí òun kí a sì kọjá. Tó bá di alẹ́, ó tún fẹ́ ẹni tí yóò bá òun jẹun, nítorí ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò níbi tí nǹkan gbogbo ti pé ni àìlẹ́nìkan. Ká mọ ìgbà tí à ń fi í sílẹ̀ àti ìgbà tí à ń pè é wá sídìí oúnjẹ, ó gba ọgbọ́n díẹ̀, kò gba owó.

Ẹni tó bá ní kò lè ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa, kó dé Songhaï ní Àjàṣẹ́. Láti 1985 ni Godfrey Nzamujo ti dá a sílẹ̀. Kì í ṣe torí awòran ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, oko àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko ni. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ti ibi jíjìn wá gbé ibẹ̀, torí ibùsùn wà, oúnjẹ wà, iṣẹ́ tí wọ́n wá kọ́ náà sì wà.

Àwọn kan á sọ fún mi pé, “Tíṣà, tí àwọn òyìnbó yẹn bá pọ̀, ṣé owó ilé ò ní gbẹ́nu sókè?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2023, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú sójú títì ní Lisbon àti àwọn ìlú mìíràn ní Pọtogí nítorí pé owó ilé ti kọjá agbára wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 2025, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Mexico City, ní àdúgbò Condesa àti Roma, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà oníkọ̀ǹpútà ti pọ̀ gan-an. Kì í ṣe darandaran kọ̀ǹpútà nìkan ló fà á. Àwọn tó ń fi gbogbo ilé háyà fún awòran ní òru kan òru méjì wà níbẹ̀, àìkọ́lé tó pọ̀ tó náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wà lára rẹ̀.

Ìdáhùn tèmi ni pé ká má gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ láti fi fún àlejò. A ní ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Ẹ rìn yí ìlú yín ká lọ́sàn-án kan, kẹ́ ẹ ka ilé tí ọmọ wa tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù tàbí ní Kútọnù kọ́, tó fi irin sí ojú fèrèsé rẹ̀, tó tì í pa, tó ń wá sùn nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún. Alángbá ló ń gbé inú rẹ̀. Àbúrò tó ń gbá àgbàlá kò rí nǹkan kan gbà. Yàrá méjì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ní owó oṣù tí a kọ sílẹ̀, kò lé ẹnikẹ́ni síta. Bí ó bá sì wá di pé àwọn onílé ń lé olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì jáde torí àlejò, kí kọ́múùnù fòfin dè é. Ká sọ ọ́ sínú òfin kí àlejò tó dé, nítorí lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ yá. Lẹ́yìn yunifásítì, ó rí iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ó ń kọ àkọlé sábẹ́ fídíò fún àwọn kan ní Faransé, wọ́n sì ń sanwó fún un lóṣooṣù. Ó padà wálé láti máa ṣe é. Ìlú òun ni, ìyá rẹ̀ ń ta gàrí lọ́jà, ilé ò ní owó. Oṣù márùn-ún ló lò. Ní ọjọ́ tí iná bá lọ, á gbé kọ̀ǹpútà lé orí zémì, á máa wá ṣọ́ọ̀bù tó ní jẹnẹrétọ̀, á jókòó lórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn tó ń gba ẹ̀rù fóònù sí i, á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó lọ gba yàrá kan ní Calavi. Owó tó ń wọlé fún un láti Faransé, ìlú ẹlòmíràn ló ń ná an sí báyìí.

Ọmọ yìí, kí ló fi yàtọ̀ sí darandaran kọ̀ǹpútà? Iná ló ń wá, íńtánẹ́ẹ̀tì, tábìlì, àga, àti ẹgbẹ́ tó máa bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Ohun kan náà. Òun ò tiẹ̀ nílò físà, kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ èdè fún un, kò nílò ilé. Bá a bá kọ́ ère 30 mítà sí ẹnu odi Kétu lọ́la, kò ní padà wá nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ pé à ń wá àlejò tí yóò mú owó òkè òkun wọ̀lú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Owó òkè òkun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ kọ́múùnù gbé yẹ̀ wò kò tóbi. Ilé àwọn ọ̀dọ́ wà nínú ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ń ṣí òmíràn. Ẹ fún wa ní yàrá kan nínú rẹ̀. Tábìlì mẹ́wàá, àga mẹ́wàá tó ní ẹ̀yìn, àwo oòrùn lórí òrùlé pẹ̀lú bátìrì tó lè gbé e di aago mẹ́wàá alẹ́, ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì méjì kí ọ̀kan lè rọ́pò èkejì, àti ẹnì kan tó ní kọ́kọ́rọ́, tó mọ ẹni tó nílé tó ṣófo, tó sì mọ iye tí zémì ń gbà láti ibẹ̀ dé ọjà. Kí àlejò san tirẹ̀, kí ọmọ ìlú san díẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má san nǹkan kan. Ká bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kan ṣoṣo, ká wo bó ṣe máa rí fún ọdún kan.

Bí àlejò kankan ò bá yọjú lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó ń múra ìdánwò bac á rí ibi tí wọ́n á ti máa kàwé lálẹ́. Ọmọ tó wà ní Calavi náà, tó bá wá bá ìyá rẹ̀ ṣọdún Iléyá, kò ní máa kánjú padà lọ́jọ́ kejì nítorí iṣẹ́.